Mo Fi Àwòrán Tó Bàjẹ́ Gbẹ̀san Lára Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka irú ìtàn yìí láti fi mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àbúrò mi ṣe fún mi, nítorí inú mi kò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Dókítà. Nígbà tí àbúrò mi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí kò rí iṣẹ́, èmi ni mo bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Mo ti pọ̀n ọ́n rí. Nídìí tábìlì ìjẹun mi ni mo ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Linux, ìyẹn ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà wa fi ń ṣiṣẹ́.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi kó gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà kúrò lórí ètò àtijọ́ bọ́ sórí Linux. Èmi nìkan ni o. Mo kọ ìròyìn iṣẹ́ náà, ogún ojú ewé, mo wá ní kí àbúrò mi bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kó gbé e fún Ọ̀gá, nítorí olùkọ́ ọmọ mi ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, Ọ̀gá ti kà á tán. Orúkọ àbúrò mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. "Ta ló ṣe iṣẹ́ takuntakun yìí?" wọ́n bèèrè, bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn. Mo ti ń gbé ìdí kúrò lórí àga. Àbúrò mi ti dìde ṣáájú mi.

"Èmi ni, sà. Àǹtí mi náà ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀."

Díẹ̀! Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́sàn-án ló di díẹ̀ lẹ́nu ọmọ tí mo kọ́.

Wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Wọ́n fún un ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Èmi wà níbi tí mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé ìwé, tí eruku bébà ń bọ́ sí mi lórí láti àárọ̀ títí dalẹ́. Mo bi í léèrè nílé pé kí ló dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa jẹ́ àbúrò Dókítà títí tí màá fi kú ni?"

Mo ní kò burú. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bí mo bá ti ní kò burú, ó ti burú.

Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án yẹn, mo ti rí àìlera kan lára fáìlì mánájà wa. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Fèrèsé tí ẹ máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà láti wo ohun tó wà nínú fódà ni. Bí àwòrán bá wà níbẹ̀, yóò kọ́kọ́ ya kékeré ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ẹ lè mọ èwo ni èwo. Mo wá rí àwòrán kan báyìí tó ti bàjẹ́ lọ́nà tí fáìlì mánájà wa kò lè gbé. Bó bá ti kan òun, ó parí. Fèrèsé náà á pòórá lójú yín, kò ní sọ ìdí, kò ní dágbére.

Ó yẹ kí n pa àwòrán yẹn rẹ́ kí n sì sọ fún Ọ̀gá. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fi í pamọ́ sínú fíláàṣì, mo ní bí mo bá ráyè, màá fi wá àtúnṣe sí àìlera náà. Mi ò ráyè. Fíláàṣì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tó lè ṣe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé àbúrò mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tó di ọ̀gá ni ti ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Olùkọ́. Ìwé àwòrán ìgbésí ayé wọn ni wọ́n fẹ́ kí a ṣe, igba àwòrán ó lé mẹ́rìnlá. Ojú wọn ń lọ. Ti òsì ti fọ́ pátápátá, dókítà ojú sì ti sọ fún wọn pé ti ọ̀tún kò ní lò ju oṣù kan lọ, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró. Wọ́n fẹ́ rí àwọn èèyàn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ní títóbi, kí òkùnkùn tó dé. Lẹ́yìn tí a ti ya àwọn àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà, ọmọ wọn ọkùnrin ti kó àwọn ojúlówó lọ sí ìlú òkèèrè tó ń gbé. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa nìkan ló kù fún ìyá náà láti rí. Ọ̀sẹ̀ kan péré sì ni iṣẹ́ náà.

Mo mọ gbogbo èyí. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ náà, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, mo ti fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà mi. Àwọn àwòrán ìyá náà wà lórí kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo wa ń pín lò. Mo fún àwòrán burúkú náà ní orúkọ tó jọ tiwọn. Mo yí ọjọ́ ara rẹ̀ padà kó lè dà bíi pé ọjọ́ kan náà ni a ya gbogbo wọn. Mo wá jù ú sáàárín wọn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo jẹ oúnjẹ mi tán láìṣẹ́kù.

Ní agogo méjì, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi láti yàrá rẹ̀ tó kọjú sí ọgbà. "Kí lèyí?"

Ó ṣí fódà náà, fèrèsé pòórá. Ó tún ṣí i, ó tún pòórá. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tan án, kò yàtọ̀.

Onígíláàsì, ọkùnrin tó ń to ojú ewé fún wa, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi gíláàsì rẹ̀ nu aṣọ dípò kó fi aṣọ nu gíláàsì. "Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ó kúkú ti rẹ èmi náà."

"Kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀ ẹ́, bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ó pa gbogbo ètò fáìlì mánájà náà rẹ́, ó tún un fi sí, pàbó. Ó kó fódà náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, wàhálà náà tẹ̀ lé e lọ, nítorí kò mọ̀ pé ẹ̀gún náà wà nínú ẹrù tó ń gbé. Ètò tí Onígíláàsì fi ń to ojú ewé pàápàá, bó bá ti ní kó mú àwòrán nínú fódà náà, òun náà á kú. Àbúrò mi ń wá àìsàn lára fèrèsé. Kò wá sí i lọ́kàn láti fura sí àwòrán.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá dúró nídìí tábìlì mi. Eruku bébà bọ́ sí òun náà lórí.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

"Èmi?" mo ní. "Èmi tí mo ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀, ó yí padà. Ọ̀gá fúnra wọn ló wá bẹ̀ mí ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí gan-an ni mo ti di ìkà. Fífi àwòrán yẹn síbẹ̀, ẹ lè pè é ní ìbínú. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá ọmọ yẹn, mo jókòó sórí àga tó yẹ kó jẹ́ tèmi, mo ń tẹ ibí, mo ń tẹ ọ̀hún, mo ń mi orí bí onímọ̀.

"Mẹ́mórì ló ń dààmú ẹ," mo ní. Ó yọ mẹ́mórì, ó wá òmíràn káàkiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò gbọ́.

"Ó jọ pé wàá tún Linux fi sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni." Ó fi Sátidé àti Sọ́ńdè rẹ̀ ṣe é. Kò gbọ́.

Bí mo ṣe kọ́ ọ mọ ọ̀nà nídìí tábìlì ìjẹun mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń kọ́ ọ ṣìnà. Ó rù. Ojú rẹ̀ wọnú. Ní àárọ̀ kan, mo gbọ́ tó ń sunkún nínú yàrá rẹ̀, mo dúró síwájú ilẹ̀kùn láti gbọ́ ọ dáadáa. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ọ̀sẹ̀ kejì ń parí lọ nígbà tí Ìyá Olùkọ́ fúnra wọn wá. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀, tábìlì mi sì ni wọ́n kọ́kọ́ kàn.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ tó ń ṣe ìwé mi?"

"Rárá, mà. Àbúrò mi ni."

"Sún mọ́ mi kí n rí ẹ." Wọ́n fi ojú kan tó kù wò mí láti ibi tí èémí wọn ti ń kàn mí. "Mò ń rí imú ẹ. Mò ń rí ẹnu ẹ. Etí méjèèjì ti wọ òkùnkùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣì ń rí etí èèyàn. Ẹ bá mi yára, ọmọ mi."

Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ìlà kan péré ni kí n tẹ̀, àwòrán yẹn á sì di àwátì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọmọ mi búra.

Ìgbà náà ni àbúrò mi jáde. "Mà, ẹ má bá Àǹtí mi sọ ọ́, iṣẹ́ yẹn ti ju agbára wọn lọ. Èmi ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀."

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Ọ̀sẹ̀ kan sí i, mo ní nínú ara mi. Kó jẹ̀yà fún ọ̀sẹ̀ kan péré sí i, kí n tó yọ ọ́.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, àbúrò mi pe gbogbo wa sí yàrá rẹ̀. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Onígíláàsì wà níbẹ̀.

Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ni. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní, àmì kékeré fáìlì mánájà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni òun ń tẹ̀ láti ṣí i, ìdí nìyẹn tó fi ń kú láìsọ̀rọ̀. Lónìí, òun ti inú tẹ́mínà ṣí i, ìyẹn ojú dúdú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti ibẹ̀ ṣí i, gbogbo ohun tó ń ráhùn títí tó fi kú ló máa wà lójú dúdú náà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ìlà tó kẹ́yìn dárúkọ àwòrán kan. Òun gbé àwòrán yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fódà sì ṣí wẹ́rẹ́.

Mo pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo ní, "O káre, àbúrò mi."

"Kò tíì parí," ó ní. "Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo àwòrán náà fún mi, kó sọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wá ka ìlà yìí."

Wá ka ìlà yìí. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pè mí ní ìwọ rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Igba àwòrán ó lé mẹ́rìnlá ló ń jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ tí a fi yà wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ń jẹ́ orúkọ mìíràn.

Mo ti yí orúkọ àwòrán náà padà. Mo ti yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Ẹni tó ni ín ni mo gbàgbé. Lórí Linux, gbogbo fáìlì ló ń jẹ́ orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì mánájà wa kì í fi í hàn àfi bí a bá bèèrè. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, èmi ni mo ni ohun gbogbo. Ojú mi ti mọ́ orúkọ ara mi débi pé mi ò rí i mọ́.

"Kà á sókè."

"Dókítà," mo kà.

Onígíláàsì yọ gíláàsì rẹ̀. "Dókítà wa?" ó ní. "Dókítà wa yìí?"

Ọ̀gá kò tilẹ̀ pariwo. "Lọ kó ẹrù ẹ."

Mo kọjú sí àbúrò mi, mo fi ìka sí i lójú. "Olè! Sọ fún wọn! Sọ fún wọn ẹni tó ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án!"

"Ìwọ lo ṣe é," ó ní, kò sì gbójú kúrò lára mi. "Olè ni mí. Sà, ẹ gbọ́ o, mo jí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi jí orúkọ ẹ. Kí lo wá jí lọ́wọ́ ìyá yẹn?"

Mo sọ ìka mi kalẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé ìwé ń ró níta.

Ó wá yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ má lé e, sà." Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. "Bí ẹ bá lé e, ó bọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó parí ìwé náà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ bá ìyá náà, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tèmi ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé náà lọ. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ gbogbo iná ilé ìyá náà ló wà ní títàn, gbogbo aṣọ fèrèsé ni wọ́n ti ká sókè. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí oòrùn tààrà, wọn kò ṣẹ́jú.

Mo gbé ìwé náà lé wọn lórí itan. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n fi ìka tọ ojú ewé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ló lọ," wọ́n ní. "Mo jí, mo rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́."

Ọjọ́ kan kí àṣírí mi tó tú. Bí kì í bá ṣe èmi, ìwé náà ì bá ti wà lọ́wọ́ wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ìròyìn ogún ojú ewé dé orí fíláàṣì. Mo sunkún. Mo kúnlẹ̀, mo di etí aṣọ wọn mú.

"Ṣé o kúnlẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Dìde. Mi ò rí ẹ, má yọ ara ẹ lẹ́nu."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Rárá o," wọ́n ní, bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé. Ọmọ tó bá ba ìwé ẹlòmíràn jẹ́ níwájú mi, n kì í ní kó tọrọ àforíjì. Mo máa ń ní kó dà á kọ ni. Gbogbo Sátidé, agogo mẹ́wàá, wàá wá síbí. Wàá máa sọ ohun tó wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan fún mi. Títí tí màá fi kú, tàbí tí ojú tìẹ náà á fi fọ́."

Ó di oṣù méje báyìí. Bí mo bá sáré, wọ́n á ní, "Padà sẹ́yìn." Bí mo bá ní búlúù, wọ́n á ní, "Irọ́, aṣọ yẹn kì í ṣe búlúù, èmi ni mo rán an." Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, àbúrò mi á dúró nídìí tábìlì mi, á bi mí pé, "Ṣé o lọ?" Ọ̀gá ti fi orúkọ mi sójú ìròyìn yẹn, èmi àti àbúrò mi kì í sì jẹun pọ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti dárí jì í. Ohun tí mo kàn lè bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tó sọ òkò lu ọ̀tá yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Àwòrán kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí n ṣí kọjá. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Àkọ́bí wọn ni. Ọdún tí a ya àwòrán náà ló kú, kò sì ní àwòrán mìíràn. Ojúlówó rẹ̀ kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni ìyá náà àti ọkọ wọn fi jiyàn lé e lórí: ọkọ ní ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ìyá ní ẹkún ló fẹ́ sun. Kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ní kí a ṣe ìwé náà ní títóbi.

Mo ti wò ó títí imú mi fi kan bébà. Ẹnu ọmọ náà là díẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀ díẹ̀. Mi ò mọ̀.

"Ó ń rẹ́rìn-ín, mà," mo ní lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá.

"Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, o ní ẹkún ni."

Ìyá náà gbé orí lé ẹ̀yìn àga, wọ́n ká ọwọ́ lé itan.

"N kò kánjú," wọ́n ní. "Tún un wò. Ojú tìẹ ṣì ń ríran."